Kí ló ń ṣù àwọn ilé-iṣẹ́ biotech jọ sójú kan? Ìbéèrè kan láti Ògbómọ̀ṣọ́

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Àwa mẹ́ta la jọ ka microbiology jáde ní LAUTECH. Ó ti tó ọdún méjì tí a ti ń ṣe ìwúkàrà irú: bakitéríà tí a yọ lára irú tó gbámúṣé, tí a gbẹ, tí a lọ̀ kúnná. Àwọn ìyá onírú á bù ú díẹ̀ sórí irúgbá tí wọ́n ti sè, irú wọn á sì máa rí bákan náà nígbà gbogbo. Kò ní dára lónìí kó tún bà jẹ́ lọ́la. Ìyá mọ́kànlá ní Sábó ló ń rà á lọ́wọ́ wa báyìí.

Olùdókòwò kan l'Ékòó bá wa sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Ó ní iṣẹ́ wa wu òun, àmọ́ ká kó láàbù wa wá sí Èkó ná kí òun tó tọwọ́ bọ àpò. Kí ló dé? Owó tí a fi háyà yàrá mẹ́ta níbí, kò lè gba yàrá kan lọ́hùn-ún. Íntánẹ́ẹ̀tì wà. Yunifásítì wà lẹ́yìnkùlé wa. Ṣé fáàrí Èkó lásán ni, àbí ìdí wà níbẹ̀?

* * *

Àbúrò, ìdí wà níbẹ̀, fáàrí náà sì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ìdí.

Amẹ́ríkà fẹ̀, yunifásítì gidi sì kún ibẹ̀ láti etí òkun kan dé èkejì. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ti ń ka ibi tí ilé-iṣẹ́ biotech, ìyẹn àwọn tó ń fi nǹkan ẹlẹ́mìí bíi bakitéríà ṣe oògùn tàbí ọjà bíi tiyín, pọ̀ sí, ibi mẹ́ta ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ: agbègbè San Francisco, Boston pẹ̀lú Cambridge tó wà lódìkejì odò rẹ̀, àti San Diego. Ẹ wo bí ti San Francisco ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní 1973, Herbert Boyer tó wà ní San Francisco àti Stanley Cohen tó wà ní yunifásítì Stanford fi hàn pé èèyàn lè gé DNA, ohun inú nǹkan ẹlẹ́mìí tó ń sọ bó ṣe máa rí, láti ibì kan kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn, kí bakitéríà sì máa bí i lọ. Láàbù méjèèjì kò ju bíi ìrìn wákàtí kan síra wọn nínú mọ́tò. Ọmọbìnrin tó ń bá Cohen ṣiṣẹ́, San Francisco ló ń gbé, nítorí náà òun ló ń gbé DNA náà lọ, tó ń gbé e bọ̀, bó bá ti ń lọ sílé tó ń bọ̀ níbi iṣẹ́. Bí ẹni gbé abọ́ ọbẹ̀ lọ fún ìyá ẹ̀ ni.

Nígbà tó di January 1976, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Swanson, tó ti bá Kleiner Perkins ṣiṣẹ́ ìdókòwò, pe Boyer lórí fóònù pé òun fẹ́ rí i. Boyer ní kò burú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òun ní. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n lò, ilé ọtí ni wọ́n sì parí ẹ̀ sí. Kí ọdún náà tó dé ìdajì, wọ́n ti dá Genentech sílẹ̀. Kleiner Perkins fi 100,000 dọ́là kọ́kọ́ tì wọ́n lẹ́yìn. Ní 1978 wọ́n ti ṣe ínsúlínì èèyàn nínú bakitéríà. Ní October 1980 wọ́n gbé ìpín ilé-iṣẹ́ náà wọjà ní dọ́là 35 fún ẹyọ kan, láàárín wákàtí kan ó ti fò kọjá 80.

Ẹ wá rò ó wò: ká ní Chicago ni Swanson ń gbé, ṣé á wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ San Francisco nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá?

* * *

Bọ̀dá kan ti fèsì nísàlẹ̀ pé owó ilé ló ń bá gbogbo nǹkan jẹ́, kí ìjọba gba ilẹ̀ lójú ọ̀nà Ìrẹsà, kí wọ́n kọ́ abúlé biotech sí i, àwọn olówó á wá fúnra wọn.

Bọ̀dá, ẹ má bínú, mi ò gbà. Tó bá jẹ́ pé owó ilé ni, Kendall Square ní Cambridge ì bá ti ṣófo tipẹ́, torí pé owó láàbù níbẹ̀ wà lára èyí tó wọ́n jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń rọ́ lọ. Moderna tí gbogbo wa gbọ́ orúkọ ẹ̀ nígbà kòrónà, Cambridge náà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2010.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní 1976, nígbà tí Harvard fẹ́ kọ́ láàbù fún iṣẹ́ DNA, ìgbìmọ̀ ìlú Cambridge fàáké kọ́rí. Alfred Vellucci ni mayor wọn nígbà náà, ó ní kòkòrò wo lẹ fẹ́ tú sí àárín ìlú wa? Wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró fún oṣù bíi mélòó kan, wọ́n kó ará ìlú jọ láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì ṣòfin lé e lórí ní 1977. Èèyàn á rò pé ó ti parí nìyẹn, pé kò sí olówó tó máa yà síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n Biogen, ilé-iṣẹ́ biotech kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Geneva ní 1978, Cambridge náà ló wá fìdí kalẹ̀ sí. Ohun tí òfin gbà àti ohun tí kò gbà ti hàn kedere níbẹ̀, nígbà tí àwọn ìlú yòókù ṣì ń jiyàn. Olówó lè fara da òfin tó le. Èyí tí kò dájú ló máa ń sá fún.

Nítorí náà tí ìjọba bá fẹ́ ṣe nǹkan, kí wọ́n fi ilẹ̀ ọ̀nà Ìrẹsà sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbin kaṣú. Kí ìwé àṣẹ má pẹ́ jáde, kí ọ̀nà sì dára.

* * *

Ti íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ yín ló gbà pẹ̀lú àbúrò lórí ìyẹn, ẹ ní ìwé gbogbo ti wà lórí fóònù, kí lèèyàn ń wá lọ síbi tí àwọn onímọ̀ wà?

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ rí. Láàárín 2014 sí 2018, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà inú ìgò ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, ohun tí wọ́n ń pè ní tissue culture. Èèyàn á gé ojú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíńtín, á gbé e sínú oúnjẹ tó mọ́ nínú ìgò, ọmọ á máa yọ lára ẹ̀, á tún máa pín wọn. Láti ojú kan ṣoṣo, èèyàn lè rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ tí kò ní àrùn.

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Oṣù mẹ́rin gbáko ni gbogbo èyí tí mo gé fi ń dúdú kú. Ìwé tí mo tẹ̀ lé, láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ìwé tó péye sì ni. Ó ní kí n jó abẹ lórí iná kí n tó gé. Mo jó o. Ìgbà tí mo lọ jókòó ti ìyá kan nínú láàbù kan n'Ìbàdàn fún ọjọ́ méjì ni mo rí i pé tí ìyá yìí bá ti jó abẹ tán, á gbé e dání, á kọ orin ìlà kan sẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́, kó tó wá kàn án mọ́ ewéko. Mo bi wọ́n pé kí ni orin wà fún. Wọ́n ní kí abẹ lè tutù ni, pé bí ọ̀gá tó kọ́ àwọn ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Mo ti fi abẹ gbígbóná se ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún oṣù mẹ́rin! Orin ìlà kan, kò sí ìwé tó kọ ọ́ sí.

Iṣẹ́ nǹkan ẹlẹ́mìí kún fún irú orin bẹ́ẹ̀. Lynne Zucker àti Michael Darby wádìí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde pẹ̀lú ẹnì kẹta wọn ní 1998. Wọ́n rí i pé ibi tí àwọn ògbóǹkangí onímọ̀ DNA ń gbé, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ biotech ti ń hù ní Amẹ́ríkà, àti ìgbà tó ń hù pàápàá. Ìmọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ọwọ́ àwọn èèyàn díẹ̀ ló wà. Kó tó di ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tí ẹlòmíràn lè fi ṣe é, ọdún á ti gorí ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kíákíá, ẹ̀gbẹ́ wọn ló máa lọ gbé.

Ohun tuntun kọ́ nìyí láàárín wa náà. Kí ló kó àwọn ahunṣọ òkè jọ sí Ìṣẹ́yìn? Kí ló dé tó jẹ́ Ọ̀yọ́ ni èèyàn ń lọ tó bá fẹ́ igbá fínfín? Igbá ń hù níbi gbogbo. Ọmọ tó dàgbà sínú agbo ilé tí wọ́n ti ń fín igbá, kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ, ó kàn mọ̀ ọ́n ni. Òyìnbó kan, Alfred Marshall, ti kọ irú ẹ̀ nípa àwọn ìlú tí oníṣẹ́ kan náà kóra jọ sí láti 1890: pé inú afẹ́fẹ́ ìlú ni àṣírí iṣẹ́ wà, tí ọmọdé ń mí sínú láìmọ̀.

* * *

Ẹnì kan béèrè bóyá àwọn ọlọ́gẹ̀dẹ̀ inú ìgò ń jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni. Ẹ kú àwàdà o. Láfún là ń jẹ.

* * *

Ó kan owó, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti gbóná jù. Àwọn kan ń bú olùdókòwò Èkó náà pé ọ̀lẹ ni, pé tí iṣẹ́ bá wù ú kó san owó ránṣẹ́, ṣé lójú ẹ̀ ni bakitéríà á ti máa bí?

Ẹ rọra. Ẹ wo irú iṣẹ́ tó jẹ́. Ilé-iṣẹ́ oògùn tuntun lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ta ẹyọ kan. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sí ọjà tí olówó lè kà lórí tébù, kò sí èrè tó lè wò. Àwọn èèyàn inú ẹ̀ nìkan ló lè máa wò. Ṣé wọ́n ń pa irọ́ fún ara wọn? Ṣé ìdánwò tó wọ́gbẹ́ yìí, ó wọ́gbẹ́ torí pé èrò náà ò dáa ni, àbí torí pé iná lọ? Nítorí náà wọn kì í kó owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á fún ọ ní díẹ̀, ẹ ṣe ìdánwò, wọ́n á wò ó, wọ́n á tún fún ọ ní díẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Josh Lerner ti Harvard ṣe ìwádìí lórí àwọn ilé-iṣẹ́ biotech gan-an, ó gbé e jáde ní 1995. Ó rí i pé olùdókòwò tí ọ́fíìsì ẹ̀ kò ju máìlì 5 sí ilé-iṣẹ́ kan, ó ṣeé ṣe ní ìlọ́po méjì kó jókòó nínú ìgbìmọ̀ olùdarí ilé-iṣẹ́ náà ju ẹni tó jìnnà ju máìlì 500 lọ. Amẹ́ríkà tí bàálù ń fò láràárọ̀ lalálẹ́ nìyẹn o.

Tèmi náà rèé. Ní 2016, ọkùnrin kan tó fẹ́ dókòwò sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi kúrò l'Ékòó láago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rìn ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láyé ìgbà yẹn, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Tírélà ti dábùú ọ̀nà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló wọlé, aṣọ funfun ẹ̀ ti di aláwọ̀ ilẹ̀. Ó wo àwọn ìgò fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó mu omi, ó wá bi mí bóyá ọ̀nà mìíràn wà tí òun lè gbà padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó kọ̀wé sí mi pé iṣẹ́ náà dára púpọ̀. Mi ò gbúròó ẹ̀ mọ́.

Ọ̀lẹ kọ́ ni. Ó ti ṣírò iye ìgbà tó máa tọ ọ̀nà yẹn lọ́dún ni.

* * *

Àǹtí kan gbé ọ̀rọ̀ gidi kalẹ̀. Wọ́n ní: "Ìlú Mainz ní Jámánì ni BioNTech tó ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà wà, ta ló mọ Mainz tẹ́lẹ̀? 54gene tó ń ṣèwádìí DNA àwọn ọmọ Áfíríkà sì wà l'Ékòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo olówó yìí, ṣé kò kú ni?"

Òótọ́ ni méjèèjì. BioNTech, 2008 ni Uğur Şahin àti Özlem Türeci dá a sílẹ̀, yunifásítì Mainz ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò sì kúrò níbẹ̀. Owó wọn ti ọ̀dọ̀ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Strüngmann wá, tí wọ́n ti fi oògùn lówó tẹ́lẹ̀. 54gene bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ó gba ohun tó lé ní mílíọ̀nù 40 dọ́là, ó ti ilẹ̀kùn ní 2023.

Àmọ́ Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo lè hù níbikíbi tí onímọ̀ tó dáńtọ́ bá ń gbé. Kí ogún ilé-iṣẹ́ wà lójú kan, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, San Diego ló sì fi í hàn jù lọ fún mi. Ivor Royston àti Howard Birndorf dá Hybritech sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1978, nítòsí yunifásítì. Ní 1986, Eli Lilly rà á. Àwọn ará Lilly wá pẹ̀lú ìwà ilé-iṣẹ́ ńlá, àwọn ọmọ Hybritech ò lè bá wọn gbé, wọ́n ń kúrò ní méjì méjì. Kàkà kí wọ́n kó kúrò nílùú, San Diego náà ni wọ́n dúró sí, wọ́n sì ń dá tiwọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ biotech ìlú yẹn, tí ẹ bá tú gbòǹgbò ẹ̀, ẹ ó bá ọmọ Hybritech kan nísàlẹ̀.

Ohun tí mo ti ń fẹ́ sọ láti òkè nìyí. A máa ń wo bí èèyàn ṣe ń wọ ìlú, a kì í wo ibi tí wọ́n ń lọ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Biotech máa ń kú, ó sì wọ́pọ̀. Ẹni tó bá ní ìyàwó àti ọmọ, ibi tó jẹ́ pé tí èyí bá kú ní Friday ó lè rí òmíràn ní Monday láìkó ẹrù, ibẹ̀ ló máa lọ. Ìyàwó ẹ̀ tí òun náà ní iṣẹ́ tiẹ̀ kò ní gbà fún un tó bá sọ ohun mìíràn.

Nígbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi dojú dé, ọmọ méjì ni mo ti kọ́ tí ọwọ́ wọn ti dá ṣáṣá. Wọ́n ti mọ orin ìyá yẹn lórí. Ọ̀kan ti já lọ Kánádà, ó ń tọ́jú arúgbó. Èkejì ń ṣe POS lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì. Tí ilé-iṣẹ́ kejì bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ tí tèmi kú, ibẹ̀ ni wọn ì bá wà. Kódà kó jẹ́ ọ̀tá mi ló ni ín.

* * *

Ẹni tó ní mi ò sọ̀rọ̀ iná: mo mọ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo pàdánù ìgò tó lé ní ẹgbẹ̀rún, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, yàrá gbóná, ooru mú ìdọ̀tí bo gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n Èkó náà ń ra dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ ra sólà.

* * *

Ó yá, ká padà sọ́dọ̀ àbúrò, torí òun ló ni ìbéèrè. Ó tún kọ̀wé pé: "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ohun tí ẹ sọ, ó dà bíi pé ká máa di ẹrù nìyẹn."

Rárá o. Ẹ wo ohun tí ẹ ń tà. Oògùn kọ́. Ẹ ò ní dúró fún ọdún mẹ́wàá, ìyá mọ́kànlá ti ń sanwó. Ibo sì ni ìmọ̀ tiyín wà? Ẹ ti mọ̀ pé bakitéríà tó ń jẹ́ Bacillus subtilis ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú irú, ìyẹn wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n iye ìgbà tí wọ́n ń fọ irúgbá, ewé tí wọ́n fi ń bò ó, òórùn tí oníbàárà máa gbọ́ tó máa fi yọwọ́ owó, Sábó lèyí wà. Tí ẹ bá kó láàbù lọ sí Èkó, ẹ kúrò nídìí ìmọ̀ yín lọ sídìí owó. Swanson ò ní kí Boyer kúrò ní San Francisco.

Sáyẹ́ǹsì náà ò sì jìnnà sí yín bí ẹ ṣe rò. Ní yunifásítì tẹ́ ẹ ti jáde, àwọn kan wà tó ń fi èèpo obì, èèpo kòkó, títí kan okùn aláǹtakùn, ṣe nanotechnology, iṣẹ́ lórí èròjà tó kéré ju ohun tí ojú lè rí. Ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún biotech wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹ kọjá sí Ẹdẹ, ibùdó ìwádìí kòkòrò àrùn wà ní Redeemer's University, ACEGID ni wọ́n ń pè é ní 2020, àwọn ló kọ́kọ́ ka gbogbo àkọsílẹ̀ ìran kòkòrò kòrónà ní Áfíríkà ní March ọdún náà.

IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn láti 1967, ló sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ lọ wo Aflasafe. Ebu oríṣi kan tí kò ní májèlé ni wọ́n ń wọ́n sínú oko àgbàdo àti ẹ̀pà, kó lè gbàyè lọ́wọ́ ebu tó ní májèlé. Orí ọkà bàbà tí wọ́n ti fi iná pa ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí àgbẹ̀ lè fọwọ́ wọ́n ọn. Kòkòrò tó wúlò, lórí nǹkan tí ará ìlú mọ̀, tó lè pẹ́ nílẹ̀: ìbátan ìwúkàrà yín ni. Ẹ má jókòó ka ìwé wọn lórí fóònù. Ẹ lọ wo ọwọ́ wọn.

Ti olówó yín: ẹ yan ẹnì kan nínú ẹ̀yin mẹ́ta tó mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ, kó máa wà l'Ékòó ní ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù. Kó háyà tábìlì kan lásán, kó máa jókòó níwájú ọkùnrin náà, kó máa bá yín sáré ìwé NAFDAC. Láàbù dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni òun náà máa wá fojú ara ẹ̀ rí i. Tó bá ní ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ gba owó kékeré lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ má fún un ní ìpín púpọ̀. Tó bá ní òun ò ní wá rárá, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Mo wà nílé ní Sátidé. Ẹ gbé ìgò ìwúkàrà mẹ́ta wá, ìyá tó ń ta irú lójúde mi ní àwọn máa dán an wò sórí irúgbá àwọn, ṣùgbọ́n tó bá rùn lódì, ẹ̀yin lẹ máa san owó irúgbá.